Inú Òkúta Lomi Ti Wá

Kànga ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mi ò sọ pé ó fà o, ó gbẹ ni. Téèyàn bá ju korobá sí i, ìró tó máa padà wá ni "kó!", bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí kan ìdí ìkòkò òfìfo. Màámi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ láàárọ̀ kùtù, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, okùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Kànga ti ń fèsì o." Mo dìde. Ẹni tó bá dàgbà sí ìlú wa mọ̀ pé tí kànga bá ti ń fèsì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ó ku kẹ́ẹ̀gì, ó ku bárò, ó ku kéèyàn máa yọjú láti ojúlé dé ojúlé pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ṣì lómi?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Orí àpáta la jókòó sí. Ilẹ̀ tó ń so máńgòrò àti kajú fún wa yẹn, níbòmíràn kò jìn rárá, ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀ ẹ ti kan òkúta, òkúta tí ọjọ́ orí ẹ̀ ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, tó ti wà níbẹ̀ kí ewéko kankan tó hù sórí ilẹ̀ ní gbogbo ayé. Omi òjò tó bá wọlẹ̀, inú erùpẹ̀ tó bo àpáta yẹn ló ń sá sí, àti ojú ibi tí àpáta fúnra ẹ̀ bá ti sán. Tí òjò bá wá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ dé tí ètè gbogbo èèyàn là, omi yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kànga tí kò bá jìn á sì kọ́kọ́ gbẹ. Tiwa ò jìn.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí a ò gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. A gbẹ́ ẹ. Ọdún méjì sẹ́yìn a kówó jọ, ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó fi tiẹ̀ ránṣẹ́, a pe àwọn kan, wọ́n ṣe sọ́fè, wọ́n kan irin mọ́lẹ̀ wọ́n na wáyà, wọ́n tẹ kinní kan lọ́wọ́ wọ́n ní ibí yìí gan-an ni. Ẹ̀rọ wọn dé lálẹ́, ó ń bú ramúramù títí di òru, gbogbo àdúgbò ò rí oorun sùn, eruku funfun bo ewúro Màámi, ó bo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bo aṣọ tó wà lórí okùn. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́, ọ̀gá wọn nujú, ó ní ó ti abọ́ọ̀tì. Abọ́ọ̀tì! Bíi pé oyún ni. Owó ò padà, ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí, taya ọkọ̀ la fi bò ó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí Màámi ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ kankan mọ́, kí n lọ bá àwọn pe bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga lọ́nà Sábó. Bàbá yìí á ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, apá wọn le bí ẹ̀ka igi orógbó. Wọ́n kó ọmọ ọmọ wọn méjì dání, òòlù ńlá kan, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́ta, okùn, ó tán. Wọ́n yọjú wo inú kànga, wọ́n bi mí pé ríìngì mélòó ló wà níbẹ̀, mo ní mi ò kà á rí, wọ́n wò mí bíi pé mo ní mi ò mọ orúkọ bàbá mi.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, èéfọ́ òkúta nìkan ló ń gòkè wá. Èmi dúró lẹ́nu kànga, mo ń bú òkúta. Mo ní òun ló ń bá wa jà nílùú yìí, òun ni kò jẹ́ ká lómi, òun ló jẹ owó bọ́ọ̀hóòlù wa mọ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé Bàbá ń gbọ́ mi nísàlẹ̀. Ohùn tó bá tinú kànga wá máa ń dà bí ti egúngún ni, mo kàn gbọ́ pé, "Ọmọ mi, yé bú u. Òkúta kọ́ ló dínà omi. Òkúta ló pọ̀n ọ́n."

Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, korobá gòkè, òkúta kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, ó tó orí ọmọdé, ìlà dúdú àti funfun ló gbà á kọjá bí aṣọ òfì. Ojú kan lára ẹ̀ ti sán, ojú tó sán yẹn tutù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, omi sun jáde. Ó kéré, kò tó ohun tí eṣinṣin á mu, àmọ́ mo rí i.

Iná ò sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sí pálọ̀, fóònù mi ku 30%, mo ń ro ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Omi tó sun jáde lára òkúta yẹn, níbo ló ti wá? Òjò. Òjò ńkọ́? Ìkuukùu. Ìkuukùu ńkọ́? Òkun. Òkun fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo há sí.

Ẹ sì wò ó dáadáa, nínú ìtàn tiwa gan-an kò sẹ́ni tó bèèrè ìyẹn. Wọ́n ní omi ni gbogbo ibí tẹ́lẹ̀, kí Odùduwà (àwọn kan á ní Ọbàtálá, ẹ má bá mi jà) tó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀ láti òkè ọ̀run tòun ti erùpẹ̀ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, adìyẹ tan erùpẹ̀ yẹn, ilẹ̀ fẹ̀. A sọ bí ilẹ̀ ṣe dé. A sọ ẹni tó gbé e wá àti ohun tó fi gbé e. Omi ńkọ́? Omi ti wà níbẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bákan náà ló rí, omi ti wà nílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó dé. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo kàn rí i pé omi jẹ́ nǹkan tó mọ́ èèyàn lára débi pé a máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn látorí ẹ̀ ni, a kì í bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn ẹ̀.

Mo wá ra dátà.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ayé yìí gbẹ. Lóòótọ́ omi bo nǹkan bí 71% ojú ẹ̀, àmọ́ ojú lásán ni, bí epo tí olóúnjẹ máa ń jẹ́ kó léfòó sórí ọbẹ̀ kó lè wù yín rà. Ká ní a lè gbé ayé sórí ìwọ̀n, nínú 10,000 kílò ẹ̀, omi òkun ò ju kílò méjì lé díẹ̀ lọ. Ẹ tún wò ó báyìí: ká kó gbogbo omi tó wà láyé, ti òkun, ti yìnyín, ti odò, ti abẹ́ ilẹ̀, ká wá ká a roboto bí òkèlè iyán, ìbú òkèlè yẹn á tó nǹkan bíi 1,385 kílómítà. Ó pọ̀ lójú yín? Ìbú ayé fúnra ẹ̀ jẹ́ 12,742. Tó bá wá jẹ́ omi odò àti adágún nìkan la ká, omi tí ojú wa ń rí tí kò níyọ̀, ìbú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 56 kílómítà lọ. Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ wọ mọ́tò ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ́ ẹ tó jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà yín tán ẹ ti ń wọ Ọ̀yọ́ (mi ò ka ti gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà mọ́ ọn). Gbogbo odò ayé nìyẹn, Ọya àti Náílì àti èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lè dárúkọ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú omi, nǹkan bíi 97%, oníyọ̀ ni. Nínú ìwọ̀nba tí kò níyọ̀, yìnyín gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dání, èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 30%. Inú 30% yìí ni Bàbá Sábó ń fi òòlù wá sí.

Ìbéèrè wá ku kan náà. Ayé ti pé nǹkan bíi 4.5 bílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí wọ́n ń pò ó lọ́wọ́, eruku àti òkúta tó ń yí oòrùn po ló ń gbá ara wọn jọ títí wọ́n fi di ńlá. Ẹni tó bá ti yan gàrí rí á tètè yé: nínú agbada, èyí tó wà láàárín gbùngbùn lórí iná á ti gbẹ ṣáúṣáú, èyí tó wà létí agbada á ṣì tutù. Oòrùn ni iná yẹn, ibi tí ayé wà sì súnmọ́ àárín agbada. Omi ò lè dì níbẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ eruku, ooru oòrùn á ti lé e lọ bí èéfín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá kọjá Mars tẹ́ ẹ ń lọ sọ́dọ̀ Júpítà lẹ ó tó débi tí omi ti lè di yìnyín. Etí agbada nìyẹn. Ta ló wá bu gàrí tútù láti etí wá sí àárín?

Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onísáyẹ́ǹsì fi nàka sí ìràwọ̀ onírù. Ó sì jọ ọ́, torí yìnyín àti eruku ló pọ̀ lára ẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, tí púpọ̀ wọn bá já lu ayé láyé ọjọ́un, omi dé nìyẹn. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ìlú tí omi ti wá? Ibí yìí ni mo ti rẹ́rìn-ín nìkan nínú òkùnkùn, torí ilà ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Láyé ogun, tí ọmọ bá sọnù, ojú ẹ̀ ni wọ́n á wò, gọ̀ǹbọ́ ni àbí àbàjà, wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n á mú un lọ. Omi náà kọlà. Háídrójìn tó wà nínú omi, èyí tó pọ̀ jù fúyẹ́, àmọ́ ọ̀kan wà tó wúwo tó ìlọ́po méjì ẹ̀, deuterium ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nínú omi òkun wa, tẹ́ ẹ bá ka háídrójìn bíi 6,400, ọ̀kan péré ló máa jẹ́ oníwúwo. Ilà ojú omi ayé nìyẹn. Omi tó bá ti dì níbi tó tutù jù, lọ́nà jíjìn sí oòrùn, oníwúwo sábà máa ń pọ̀ nínú tiẹ̀.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo ojú. Ní 1986, ọkọ̀ Giotto táwọn ará Yúróòpù rán lọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ onírù Halley, ilà tó rí níbẹ̀ tó ìlọ́po méjì tiwa. Rosetta, ọkọ̀ wọn míì, gbéra ní 2004, ó rin ìrìn ọdún mẹ́wàá kó tó bá ìràwọ̀ onírù kan tí wọ́n ń pè ní 67P ní oṣù kẹjọ 2014, ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́ta. Kì í ṣe ọmọ ilé wa. Kó tó dìgbà yẹn, ní 2011, wọ́n ti rí ìràwọ̀ onírù míì, Hartley 2, tí ilà ẹ̀ jọ tiwa, ní 2024 sì ni àwọn kan tún ìṣirò 67P ṣe, wọ́n ní eruku tó yí i ká ló gbé Rosetta gbọ́nà míì, pé ojú ẹ̀ jọ tiwa ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ náà ò tíì tán. Àmọ́ àwọn tí ilà wọn ń jọ tiwa léraléra, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí àríyànjiyàn lórí wọn, àwọn yẹn kì í ṣe yìnyín. Òkúta ni wọ́n.

Mo dìde jókòó.

Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kejì 2021, òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Winchcombe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ balẹ̀ síwájú ilé onílé, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó dúdú bí èédú. Kí wákàtí 12 tó pé wọ́n ti kó o sínú ọ̀rá. Nǹkan bíi 11% ìwúwo òkúta yẹn, omi ni. Tẹ́ ẹ bá fún un kò ní kán o, kò sí ibi tó tutù lára ẹ̀, omi yẹn ti wọnú òkúta lọ, ó ti di ara amọ̀ tó wà nínú ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá yan án kó tó jáde. Wọ́n wo ilà ojú ẹ̀, ó jọ ti òkun wa. Àwọn ará Japan náà lọ bu tiwọn wá lórí òkúta ńlá kan tó ń yí oòrùn po, Ryugu lorúkọ ẹ̀, èyí tí wọ́n bù dé sílé ní oṣù kejìlá 2020, gbogbo ẹ̀ ò ju gíráàmù 5.4 lọ, bí ṣíbí ṣúgà kan. Amẹ́ríkà bu ti Bennu, gíráàmù 121.6, ó dé ní oṣù kẹsàn-án 2023. Amọ̀ tí omi ti wọ̀ wà nínú méjèèjì.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ìwájú ilé òyìnbó nìkan lòkúta ń já sí: ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1962, ní Zagami lápá Katsina, àgbẹ̀ kan wà nínú oko ọkà ẹ̀, òkúta tó tó kílò 18 já bọ́ síbi tí kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí i lọ. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé ara Mars ló ti ya wá. Mars! Kì í ṣe irú òkúta olómi tí mò ń sọ nìyẹn o, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, torí tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀ gbogbo wa la ò bá ti gbọ́.

Mo mọ ohun tí ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́ á máa rò báyìí: ẹdùn àrá. Òkúta tó já láti òkè pẹ̀lú òjò, tí àwọn oníṣàngó ń kó sínú opọ́n. Èmi náà rò ó, ó dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn tó ń wá nǹkan àtijọ́ lábẹ́ ilẹ̀ ti fi hàn pé àáké òkúta táwọn èèyàn ìgbàanì gbẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ̀pọ̀ wọn, òjò ńlá ló ń wọ erùpẹ̀ kúrò lórí wọn, ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ kejì á bá a nílẹ̀. Síbẹ̀, pé ẹnì kan ti so òkúta, ọ̀run, àti òjò pọ̀ ní Ọ̀yọ́ wa níbí, ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, 2020 ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Laurette Piani àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Faransé mú oríṣi òkúta ọ̀run míì, àwọn tó jọ ohun tí wọ́n fi mọ ayé gan-an, tí wọ́n ti àárín agbada wá, tí gbogbo èèyàn ti gbà pé wọ́n gbẹ. Wọ́n wọn háídrójìn inú wọn. Wọ́n rí i pé tó bá jẹ́ irú òkúta yẹn ni wọ́n fi mọ ayé, omi tó lè tibẹ̀ jáde á tó ìlọ́po mẹ́ta òkun, ó kéré tán. Ẹ rò ó wò. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bu gàrí tútù láti etí wá rárá, tàbí pé díẹ̀ ni wọ́n bù wá. Èyí tó wà láàárín iná náà ò gbẹ tán bí a ṣe rò. Òkúta tí wọ́n fi mọ ayé ti pọn omi dání látìbẹ̀rẹ̀.

Pọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá lò gan-an nìyẹn, láti ìsàlẹ̀ kànga, láìra dátà.

Bó ṣe wá jáde, iná ni. Ayé gbóná nígbà yẹn débi pé òkúta ń yọ́ bí orí, omi tó wà nínú òkúta ń bá èéfín jáde, láti ẹnu òkè oníná, ó ń bo ojú ọ̀run. Nígbà tó yá tí ara ayé rọlẹ̀, èéfín yẹn tutù, ó di òjò. Kò sì pẹ́ bí èèyàn ṣe lè rò. Ní Jack Hills nílẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n rí hóró òkúta kan tí wọ́n ń pè ní zircon, kékeré bíi yanrìn, ọjọ́ orí ẹ̀ tó 4.4 bílíọ̀nù ọdún, àmì tó wà lára ẹ̀ sì fi hàn pé omi tó ń ṣàn ti wà láyé nígbà yẹn. Ayé kò tíì pé 200 mílíọ̀nù ọdún. Ọmọ jòjòló.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló sì jáde. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ ní Juína, ní Brazil, rí dáyámọ́ǹdì kan tí kò lẹ́wà rárá, ẹni tó ń wá ẹ̀gbà ọrùn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2014, Graham Pearson àti ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀: èérún òkúta kan tó ti ibi tó ju 400 kílómítà lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa gòkè wá, ringwoodite lorúkọ ẹ̀, omi tó wà nínú ẹ̀ ju 1% ìwúwo ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé bí gbogbo òkúta ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn, omi tó wà lábẹ́ wa pọ̀ gan-an, kò kàn sí kànga tó lè débẹ̀ ni. Màámi ní kí n má sọ fún àwọn oníbọ́ọ̀hóòlù, wọ́n á ní ká sanwó ẹ̀.

Mi ò ní kọrin "omi ò lọ́tàá" fún yín, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ nípa omi àti ẹ̀mí, àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ mi, mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń yàgbẹ́ olómi láti àná, ó ń bì, nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ kejì ojú ẹ̀ ti wọnú, tó ń sunkún tí omi ò jáde lójú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan fi ọwọ́ méjì fa awọ ikùn ẹ̀ sókè, ó fi í sílẹ̀, awọ yẹn dúró bẹ́ẹ̀, kò padà, bí aṣọ tó rún. Mo ṣì ń rí i. Nọ́ọ̀sì yẹn kò gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí Màámi gbé lítà omi kan tó ti hó tó sì ti tutù wá, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀. Màámi jókòó tì í mọ́jú, ṣíbí kan, dúró díẹ̀, ṣíbí kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tó tọ̀ sára wọn, wọ́n pariwo bíi pé ó yege ìdánwò, gbogbo ilé sáré wá wo ìtọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ìdí tí omi lásán ò fi tó. Ìfun tó ń ṣàìsàn yẹn kì í fẹ́ gba omi wọlé, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí ṣúgà àti iyọ̀ máa ń jọ gbà wọlé, ọ̀kan ò lè dá wọlé láìsí èkejì, tí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Gbogbo iṣẹ́ omi lára wa, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, òun ló ń gbé gbogbo nǹkan kiri, iyọ̀, ṣúgà, ooru, ìdọ̀tí, bí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ara àgbàlagbà, bíi 60% ẹ̀, omi ni, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kó o pa mọ́ pẹ́, bí ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, ọ̀rọ̀ ti burú.

Nǹkan kan tún wà tí wọn ò sọ fún wa ní ilé ìwé, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo sùn. Ewé máńgòrò tó wà lójúde wa, tí oòrùn bá ti ràn án, ńṣe ló ń fọ́ omi. Ó ń fà á ya sí méjì, ó mú háídrójìn fi ṣe oúnjẹ, ó ju ọ́ksíjìn síta. Ọ́ksíjìn tí mò ń mí sínú bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ara omi ni wọ́n ti yọ ọ́. Tí mo bá wá jẹ máńgòrò yẹn, ara mi á tún so wọ́n pọ̀ padà, á di omi: lójúmọ́ kan, ara àgbàlagbà ń ṣe omi tiẹ̀ bí ìdajì píọ̀ wọ́tà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, látinú oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé omi tí Ògúnlọ́lá, ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, mu nígbà tó dé abẹ́ igi àjàgbọn náà la ṣì ń mu, ó fẹ́ẹ́ jóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fọ́ ọ wọ́n sì ti so ó pọ̀ padà láìmọye ìgbà, bí ẹni tó tú búbá ran súwẹ́tà.

Ní ọjọ́ kẹrin Bàbá ní ká má fà á, ká jẹ́ kó sun. Wọ́n ju okùn sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ta kókó síbi tó tutù dé. Nírọ̀lẹ́ wọ́n tún jù ú, omi ti gun ju kókó yẹn lọ ní bí igbọ̀nwọ́ kan. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, pé òkúta ló ni ín, kò sí wàhálà.

Mo jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ka owó wọn. Mo ní, "Bàbá, mo ti wá ìdí ọ̀rọ̀ yín o. Òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n ní inú òkúta ni gbogbo omi ayé ti wá, ti òkun pẹ̀lú."

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ń ka owó lọ. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ti òkun? Ta ló wá gbẹ́ ìyẹn?"

Mo ní, "Iná ni, Bàbá. Iná ló yọ ọ́ jáde."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n yíjú sí ọmọ ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o, iná pọnmi," gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n kó òòlù wọn, wọ́n gba ọ̀nà Sábó lọ.

Òkúta aláṣọ òfì yẹn, mo fẹ́ gbé e sí yàrá mi, orí tébù, kí n máa wò ó. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì Màámi ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi tẹ ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi, torí ewúrẹ́ àdúgbò.